Kégì Búlúù àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ajagun

Bàbá mi, ọ̀gá mi lójú omi àti nídìí géèmù,

Mo kí yín o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, bóyá ẹ káàárọ̀ ni tàbí ẹ kúulé. Ó di ọdún márùn-ún báyìí tí mi ò kọ nǹkan kan sí yín, èmi tí ẹ máa ń pè ní akọ̀wé ilé. Etí omi ní Ìlàjẹ ni mo jókòó sí, lẹ́bàá òpó tí ẹ máa ń so ọkọ̀ yín mọ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Kégì búlúù yín ni mo fi ṣe àga, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ ní kí n dúró de àwọn níbí, àwọn ò ní pẹ́ẹ́ dé. Kí wọ́n tó dé, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Mo ti ní ilé géèmù tèmi ní Abúlé Òkúta. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, fáànù kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń pè mí ní Àǹtí Géèmù, wọ́n sì ń bẹ̀rù mi, nítorí mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá ju páàdì mọ́lẹ̀ torí pé wọ́n nà án, ìta ló ń lọ. Màmá ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni ọmọbìnrin ń ṣe láàárín àwọn tó ń fi àtàǹpàkò jagun. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ì bá rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀yin náà lẹ kúkú fà á. Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ ní wàhálà ti tán, iná ò ní máa lọ mọ́. Ìrètí yẹn lẹ fi ra tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ẹ tún ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ní kí ọmọ yín má bàa máa lọ wo ti ilé onílé. Àwọn alágbádá dé lóòótọ́, agbádá wọn ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná ò bá wọn dé. Lẹ bá lọ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń pò ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín gan-an.

Ṣé ẹ rántí Ajagun? Ẹ ò lè pe orúkọ tí wọ́n kọ sára sídì náà, èmi náà ń fi ahọ́n kọsẹ̀ nídìí rẹ̀, la bá kúkú sọ ọ́ ní Ajagun. Ọkùnrin olójú líle tó ní etí kan ṣoṣo, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún àwọn òrìṣà ìlú òkèèrè pa lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òrìṣà omi gbé bàbá rẹ̀ mì. A jọ ṣe apá kìíní, a jọ ṣe ìkejì. Ẹ máa ń di páàdì mú bí ẹni tó di àjẹ̀ ọkọ̀ mú, gbogbo ara yín á máa fì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú ọkùnrin náà, Màmá á sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣubú lórí àga. Ìgbà tí a dé ìparí apá kẹta, tí òrìṣà omi fúnra rẹ̀ jáde, tí omi ń kán lára irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ ṣí fìlà yín, ẹ sì gbé páàdì sílẹ̀.

"Eléyìí, a ò ní pa á nínú ilé yìí," lẹ wí. "Omi ni mo fi ń bọ́ yín."

Mo ní, "Bàbá, géèmù lásán mà ni."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ẹni tó ń fún wa lóúnjẹ, a kì í bú u, àní nínú àwàdà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ ń ṣí fìlà fún òrìṣà inú tẹlifíṣọ̀n. Mo fi yín ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ pa ẹ̀rọ náà, apá kẹta ò sì parí níwájú yín.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ń jẹ́ Wàsíù, ó ń gẹrun ní Fọlá Agoro, mú sídì tuntun wá. Apá tó jáde kẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ ló ṣáájú gbogbo àwọn yòókù. Ó ń sọ bí Ajagun ṣe rí kó tó di Ajagun, nígbà tó ṣì ní etí méjèèjì, tó ń rẹ́rìn-ín, tí bàbá rẹ̀ sì wà láàyè. Gbogbo ilé kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo wa la mọ ibi tí ìtàn náà máa já sí, nítorí a ti ṣe àwọn apá tó kù, síbẹ̀ a fẹ́ wò ó. Ó ní bí àyà ṣe ń já èèyàn tó bá ń wo ẹni tó ń yọ̀, tí òun sì ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ lọ sójú òkun. Iṣẹ́ Ajagun ni pé kó máa ṣọ́ iná kan lórí àpáta, kí àwọn ọkọ̀ lè fi mọ ọ̀nà wálé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Géèmù náà wá dúró. Kò ṣe é fúnra rẹ̀, ó ń dúró dè mí kí n tẹ bọ́tìnì. Mo yí páàdì sẹ́yìn kí ó lè padà sídìí iná, kò padà. Mo tẹ gbogbo ohun tó wà lára páàdì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí, ọ̀nà ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ta ayò, tí iná kú, tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ sì fọ́ mọ́ òkúta. Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀, Bàbá. Omi kàn ń lọ bó ṣe máa ń lọ ni.

Wàsíù kígbe, "Àǹtí, so na him do am himself? Ó wá ń pa òrìṣà olórìṣà kiri láti ọjọ́ yìí. Wicked man!"

Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé páàdì sílẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, pé iná fẹ́ lọ, iná sì wà rekete lórí wa. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún níbi ìsìnkú yín.

Ẹ rántí ibà tó dá yín dùbúlẹ̀ kẹ́yìn, tí ẹ fi lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ẹní. Iná ò yọjú rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, ilé sú mi, mo sì fẹ́ mọ bí apá kẹta ṣe parí. Jẹnẹrétọ̀ wà ńlẹ̀ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ, kò sì sí ọ́ìlì nílé. Epo kan ṣoṣo tó ti ní ọ́ìlì nínú ni èyí tí ẹ pò sínú kégì búlúù kí ara yín tó gbóná, èyí tí ẹ fẹ́ gbé lọ sójú omi. Mo bu díẹ̀ níbẹ̀. Mo fi epo inú gálọ́ọ̀nù Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀, èyí tó ń rà fún ọ̀kadà rẹ̀ tí kò ní ọ́ìlì kankan nínú, dí i padà kí ẹ má bàa mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún bù, mo tún dí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe lọ́sàn-án lọ́sàn-án tí oorun ibà bá ti gbé yín. Táyọ̀ ń bínú sí ọ̀kadà rẹ̀ pé ó ti ń mu epo bí ọ̀mùtí. Mo bá a bú ọ̀kadà náà.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Agolo mílíìkì kan ọ́ìlì sí kégì kan epo, ẹ á mì í títí apá á fi ro yín, ẹ á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Lẹ́yìn náà ẹ á ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ á fi àtàǹpàkò pa á wò bóyá ó ń yọ̀. Ẹ sọ fún mi pé epo tí kò ní ọ́ìlì, inú ló ti ń jẹ ẹ́ńjìnnì, wọn kì í tètè mọ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé èyí tó kù nísàlẹ̀ á tó ni. Lọ́jọ́ kẹfà mo pa òrìṣà omi. Ó ké, ó rì, orúkọ àwọn tó ṣe géèmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Inú mi dùn gan-an ni. Ẹ ń húkọ́ ní yàrá kejì.

Lọ́jọ́ keje ẹ dìde, ẹ ní ara yín ti yá. Ara yín ò yá. Ojú yín ti jìn wọnú, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹ fi ìka kan epo náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé kégì, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé kégì yìí wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín kẹ́yìn láyé nìyẹn. Irọ́ ni.

Ẹ ò wálé nírọ̀lẹ́. Ìjì jà lọ́jọ́ náà, páànù ṣí lórí ilé àwọn èèyàn. Ọjọ́ kẹta ni àwọn apẹja rí ọkọ̀ yín, wọ́n sì rí yín. Mẹkáníìkì tó ṣí ẹ́ńjìnnì náà níwájú gbogbo wa ní ó ti nọ́ọ̀kì, pé kò rí ọ́ìlì mu tó. Ó wá ń wo ojú gbogbo wa.

"Àmọ́ Bàbá kẹ̀? Bàbá tó ń fọwọ́ pa epo wò bí ẹni ń ra aṣọ? Ẹ wò ó, èmi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ nínú."

Ọwọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n torí pé gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ kì í gbàgbé ọ́ìlì, wọ́n ní kò lè jẹ́ ojú lásán. Wọ́n ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì pé obìnrin kan tí ẹ jọ mu ọmú kan náà ló fi òkùnkùn bò yín lójú. Obìnrin wo lẹ tún bá mu ọmú kan náà bí kò ṣe Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n yín, tó ń yan ẹja létí omi yìí, tó gbé yín pọ̀n nígbà tí ẹ ò tíì lè rìn? Ó gbé ẹja ọlọ́bẹ̀ gbígbóná wá fún yín lọ́jọ́ karùn-ún ibà yẹn. Dúpẹ́ kan ṣoṣo tó bí ti kú, kò bí òmíràn. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wo irú wọn.

Táyọ̀ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀?"

Mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Fún ìgbà díẹ̀ mo sọ fún ara mi pé òrìṣà omi tí mo pa ló bínú gbé yín, nítorí ìyẹn rọrùn ju agolo mílíìkì lọ. Ìtìjú ń ṣe mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ Ìyá Dúpẹ́ nítòsí ibí. Ó ń gbé e dé ọ̀nà jíjìn kó tó tà. Àwọn ọmọ ilé ń sá tó bá ń bọ̀. Síbẹ̀ gbogbo Sátidé ló ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, á fi ẹja yíyan méjì sínú ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún mi, torí mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé èmi nìkan ni mo gbà pé ọwọ́ òun mọ́. Mi ò lè jẹ ẹja náà, mi ò sì lè dà á nù. Mo ń kó o fún Wàsíù.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ti wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyọ̀ ti bímọ ọkùnrin, Babátúndé lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yin la fi sọ. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ara ọmọ náà ti ń gbóná. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó rọlẹ̀, ó tún gbóná. Ní Sọ́ńdè tó kọjá ni Táyọ̀ pe gbogbo ẹbí, ó ní òun ti tún ẹ́ńjìnnì yín ṣe, òun á gbé Ìyá Dúpẹ́ gba ojú omi padà sí ìlú àwọn bàbá wa, sí ilé àdúrà kan létí òkun níbi tí wọ́n ti ń fi ebi àti ẹgba mú irú wọn jẹ́wọ́. Èèyàn méjì ni mo mọ̀ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Mi ò rí ìkankan tó padà.

Màmá ní, "Táyọ̀, àgbàlagbà ni. Rọra ṣe."

"Mà, kò sí rọra nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹni yòówù kó jẹ́, tọ́wọ́ ẹ̀ bá wà nínú ikú Bàbá, ì báà ṣe ọmọ ìyá mi, omi tó gbé Bàbá náà ló máa gbé e. Mo ti búra."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú tiwọn.

Lánàá ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun pò epo, torí èmi ni ẹ kọ́. Ó fi kégì búlúù yín sẹ́sẹ̀ mi. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó tún ń bẹ̀ mí, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn nítorí ọmọ. Ẹ má bínú sí i púpọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́, èmi ni mo sì jẹ́ kó gbà á gbọ́.

Mo pò ó láàárọ̀ yìí. Agolo kan, mo mì í, mi ò kọrin. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo pa á wò. Ó ń yọ̀ dáadáa. Mo rò ó pé kí n dà á sómi, ṣùgbọ́n Táyọ̀ á kàn lọ wá òmíràn ni. Mo bá jókòó lé e. Ojú ọ̀run ti ṣú dúdú níhà afárá, àwọn apẹja sì ń fa ọkọ̀ wọn gòkè sórí ilẹ̀. Omi parọ́rọ́. Ẹ máa ń sọ pé omi tó bá parọ́rọ́ báyìí ń gbìmọ̀ nǹkan kan ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi, ṣé ẹ ti ìka bọ epo náà nígbà náà? Ṣé ẹ fi àtàǹpàkò pa á, tí kò yọ̀? Ṣé ẹ rántí pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni? Mo máa ń gbàdúrà pé kí ìjì ti dé kí ẹ tó ráyè wò ó. Ó sàn fún mi kí ẹ kú láìmọ̀ ju kí ẹ kú pẹ̀lú orúkọ mi lẹ́nu. Ẹ wo irú ọmọ tí ẹ bí, tó ń gbàdúrà báyìí.

Mo ti ń rí wọn lókè ọ̀nà. Táyọ̀ ló ṣáájú, Màmá tẹ̀lé e, wọ́n pọ̀n Babátúndé sẹ́yìn. Ìyá Dúpẹ́ wà láàárín, sùtánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ẹrù kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ó ti rí mi. Ó ń juwọ́ sí mi, ó rò pé mo wá kí òun pé ó dìgbà.

Apá mi kò ká Táyọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tó bá búra kì í yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibí, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ bi mí, torí ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Á nawọ́ sí kégì yìí, á bi mí bóyá ó wà bó ṣe yẹ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní ní bẹ́ẹ̀ ni. Màá máa jókòó lé e, màá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ibà yín, mi ò sì ní dìde títí màá fi sọ ọ́ dé ọjọ́ keje.

Tí omi bá gbé mi wá bá yín lónìí, ẹ ṣí fìlà yín kí ẹ tó bá mi wí.

Èmi ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
tó bu epo náà.